Inú Rírun Tí Oògùn Aràn Kò Wò

Aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ti wà lọ́rùn ọmọbìnrin télọ̀, bàtà nìkan ló kù. Ibẹ̀ ló ti di ikùn mú.

"Bàbá mi, inú ń run mí."

Télọ̀ gbé àlùmọ́gàjí kalẹ̀. "Pẹ̀lú gbogbo oògùn aràn tí o lò? Àbí àwọn aràn náà lọ pe ẹbí wọn wá ni?"

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló máa ń fi ẹ̀rín gbe irú àpárá bẹ́ẹ̀, ìyá sì ti dolóògbé láti ìgbà òjò tó kọjá. Láti ìgbà náà ni télọ̀ ti kó aṣọ olóògbé náà pamọ́, tó ní kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀ létí ọmọ. Ó rò pé ohun tí ojú ò bá rí, ọkàn á gbàgbé. Bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a máa dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró lójijì, a fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìró ẹsẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ rẹ̀ pàdé wọn.

"Bàbá, ọmọ yìí kì í ṣeré mọ́, kì í dáhùn ìbéèrè. Mo kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ. Bó bá ń lọ báyìí, kò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí kíláàsì tó kàn. Ẹ jẹ́ ká rí olùdámọ̀ràn wa."

Nígbà tí olùdámọ̀ràn gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rírun náà lẹ́nu télọ̀, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó ti ọmọ náà lórí ẹní.

"Ìgbà wo ni inú rírun náà máa ń bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi?"

"Tí mo bá fẹ́ wọ bàtà."

"Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn tẹ́lẹ̀?"

Ọmọ náà wojú bàbá rẹ̀. "Wọ́n ní ká má sọ ọ́."

Télọ̀ ní, "Sọ ọ́."

"Màmá mi ló máa ń so okùn rẹ̀. Wọ́n á máa kì mí: 'Ọmọ oore, ẹlẹ́sẹ̀ ayọ̀, arìnnàkore ọmọ. Ibi o bá wọ̀, kó tòrò. Ibi o bá jókòó, kó tutù.' Tí n ò bá gbọ́ ọ, ó máa ń dà bíi pé n ò tíì múra tán."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ni télọ̀ wí.

"Ẹ̀ ń sunkún tẹ́lẹ̀, Bàbá mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀."

Olùdámọ̀ràn kọjú sí télọ̀. "Bàbá, ọmọ yìí ò purọ́ o, inú ń run ún lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, àmọ́ àárò ìyá rẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Níbí, bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́n, olùkọ́ rẹ̀ á jẹ́ kó wá bá mi."

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ kúnlẹ̀, ó mú okùn bàtà. "Arìnnàkore, ọmọ oore…"

"Ẹ ti gbé e gbòdì. Ọmọ oore ló ṣáájú."

"Ó dáa, tíṣà mi. Kọ́ mi."

Wọ́n jọ ki oríkì náà parí. Àwọn méjèèjì sunkún. Inú ṣì run ọmọ náà díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá dákẹ́ lójijì, tó ń sá fún ẹgbẹ́, tí inú tàbí orí ń dà á láàmú lójoojúmọ́, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù gbọ́ ọ. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ nílé, ẹ jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ mọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò bá ní olùdámọ̀ràn, ẹ yan olùkọ́ kan tí ọmọ lè sá bá. Ẹ má sì gba orúkọ olóògbé lẹ́nu ọmọ tí àárò rẹ̀ ń sọ. Olúwa ni Olùtùnú. Ẹ má jẹ́ ká ti ilẹ̀kùn mọ́ ìtùnú Rẹ̀ síta.