Òdòdó Tí Rinus Gbé Lọ Kí Màmá Godelieve

Machteld kò rí ọgbà tó dá a dúró lórí kẹ̀kẹ́ rí, àfi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìgbà ìwọ́wé ti dé, ọgbà gbogbo ará àdúgbò ti ń rọ, àmọ́ iwájú ilé àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ń tàn yòò. Òdòdó dálíà pupa fòò fara ti òdòdó ásítà aláwọ̀ àlùkò, koríko gíga tó ti gbẹ sì ń mì lẹ́yìn wọn bíi wúrà. Ọkùnrin onírun pupa kan bẹ̀rẹ̀ sáàárín wọn.

“Ta ló kọ́ ẹ pé kó o gbin àlùkò ti pupa?” Machteld bi í.

“Ojú mi ni. Ṣé kò dáa ni?”

“Ó dáa jù. Díẹ̀ ló kù kí n ṣubú.”

“Tó o bá ṣubú, màá gbé ẹ. Rinus lorúkọ mi.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òdìkejì ẹnubodè, ní Holland, ni wọ́n ti bí Rinus. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Flanders, ilẹ̀ àwọn Machteld. Kí ewé tó wọ́ tán, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ó wu Machteld bí ọwọ́ ńlá yẹn ṣe ń rọra gbé òdòdó kan sún mọ́ èkejì, tí àwọn méjèèjì á wá rẹwà sí i.

Ṣùgbọ́n Honoré, bàbá Machteld, ti kú lọ́dún tó kọjá. Ó ku òun àti Màmá Godelieve nìkan, ó sì ti búra pé òun ò ní fi omijé ìyá òun ṣe ìgbéyàwó.

Lọ́jọ́ Sunday tí Rinus lọ kí ìyá, ó gbé ìkòkò òdòdó tó rẹwà jù nínú ọgbà rẹ̀ dání. Ní ìlú tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé irú òdòdó yẹn sí nígbà ìwọ́wé. Ní Flanders, orí ibojì ni wọ́n ń gbé e sí, lọ́jọ́ àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́.

“Òdòdó òkú!” Màmá figbe ta. “Èmi tí mo ṣì ń mí! Ṣé ikú mi lo wá ń wá ni?” Ó ti ilẹ̀kùn gbàmù.

Machteld sáré jáde tẹ̀ lé Rinus. “Rinus, kí lo ṣe yìí? Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n níbí!”

“Ìfẹ́ mi, mi ò mọ̀. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.”

Láti ọjọ́ náà, Màmá kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Rinus sétí. Ẹkún ni Machteld ń sun. Nígbà tí àjọ̀dún kù sí dẹ̀dẹ̀, tí tẹbí tará ń fọ ibojì òkú wọn, Rinus ní kó mú òun lọ síbi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí.

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó fọ òkúta orí ibojì náà mọ́ tónítóní, ó gbin òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ àlùkò yí i ká, ó sì fi ewé aláwọ̀ fàdákà sáàárín wọn. Ibẹ̀ ni Màmá bá wọn, ó gbé òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tirẹ̀ dání.

“Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ibojì ọkọ mi?”

“Ẹ má bínú, Mà. Mo fi àárín sílẹ̀ fún tiyín. Ẹ gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó ná.”

Màmá gbé e síbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ni ìyeyè náà bá tàn láàárín àlùkò, bí ìgbà téèyàn tan àtùpà. Omi lé ròrò sójú ìyá.

“Ká ní Honoré rí èyí ni, gbogbo àdúgbò ni ì bá pè wá wò ó.” Ó nu ojú rẹ̀. “Ọjọ́ wo lẹ wá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó?”

“Màmá! Kò tíì bi mí bóyá màá fẹ́ òun o.”

“Kò tíì bi ẹ́ kẹ̀? Kí ló wá kúnlẹ̀ ṣe látàárọ̀?”

Lórí ìkúnlẹ̀ tó wà, Rinus yíjú sí Machteld, ó na ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ sí i. “Machteld, ìfẹ́ mi, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Dìde jàre, ṣòkòtò ẹ ti bàjẹ́,” ni Machteld fi ẹ̀rín àti omijé sọ. “Mo ti gbà tipẹ́.”

Ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ló dì mú títí wọ́n fi délé.