Àpótí Tí Káfíńtà Kàn fún Lọ́yà

Káfíńtà gbé pákó sórí tábìlì iṣẹ́, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo ẹ̀gbẹ́ pákó náà bóyá ó tọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Àpótí ìbò ló fẹ́ kàn. Kì í ṣe èyí tí ìjọba ń lò o. Àpótí tí àwọn ará àdúgbò yóò fi dánra wò ni, àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí ihò rẹ̀ há díẹ̀, kí ìwé tí wọn ò bá ká má lè wọlé."

"Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ihò? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọ ní wíìgì lo ti ń pàṣẹ fún gbogbo ayé!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò yìí, Káfíńtà sì mọ ohun tí orúkọ náà ná an. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Òun ní tirẹ̀ ń rojọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìlú rán katakata wá wó àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, òun ló gbé ìgbìmọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, kò sì gba kọ́bọ̀.

Adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó mi orí. Ó ní òfin ìgbìmọ̀ ìlú ló fún wọn lágbára láti wó ṣọ́ọ̀bù láìkìlọ̀, òun ò sì lè tún òfin kọ.

Lọ́yà ká aṣọ dúdú rẹ̀ sápá. "Ó dáa. Ibi tí wọ́n ti ń kọ òfin ni mo ń lọ."

Bó ṣe di olóṣèlú nìyẹn. Ó du ipò ní ìgbìmọ̀, ó sì fìdí rẹmi, àmọ́ ìbò tí ẹni tó wọlé fi jù ú lọ kò tó nǹkan. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ ń pariwo pé wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Lọ́yà kò pariwo ní tirẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi àwọn ìbò tí wọ́n kà sí òfo han òun. Ó yẹ̀ wọ́n wò, ó dùn ún. Ẹnikẹ́ni kò jí ìbò. Ọwọ́ àwọn tó dìbò gan-an ló ba ìbò wọn jẹ́.

Ìdìbò mìíràn ti wá dé tán báyìí. Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà wà lára àwọn tí katakata ṣì ń bọ̀ wá bá. Bí Lọ́yà ò bá wọlé, ó di dandan kí Káfíńtà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílé.

Nígbà tí àpótí dúró tán, àwọn aládùúgbò pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì òdìkejì ọ̀nà, tí kò fi pa mọ́ pé ẹgbẹ́ kejì lòun ń ṣe, na ọrùn.

"Ọ̀gá Káfíńtà, ṣé pósí tẹ́ ẹ máa fi sin ẹgbẹ́ yín nìyẹn?"

"Bó bá jẹ́ pósí ni, ìwọ la máa kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n fún!"

Lọ́yà pín ìwé fún wọn. Kò sí àmì ẹgbẹ́ kankan nínú rẹ̀, àwòrán irinṣẹ́ ló yà sí i: ayùn lókè, òòlù àti sípánà láàárín, abẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, àyè ìtẹ̀ka sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.

Káfíńtà ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Ó ki àtàǹpàkò bọ tàdáwà títí dé oríkèé, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ayùn bí ẹni fẹ́ lu pákó já, ó ká ìwé náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú àpótí. "Ó parí!"

Lọ́yà tú ìwé náà. Tàdáwà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayùn. Òmíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́, ó hàn gbangba.

"Bùọ̀dá, èwo lẹ dìbò fún nínú méjèèjì?"

"Ha! Káfíńtà ti di télọ̀!" Mẹkáníìkì fọwọ́ lu itan. Ẹ̀rín pa gbogbo èèyàn.

Káfíńtà kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ìwé náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ká a, ó tún tú u. Ó wá rí i: bí òkè bá ti bo ìsàlẹ̀, àyè ayùn àti àyè abẹ́rẹ́ á fẹnu ko ara wọn.

"Ẹ kò ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò ṣe," ni Lọ́yà wí. "Ẹ fi ìka kan tàdáwà díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àyè tiyín, kó má yà sí tẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Kẹ́ ẹ wá ká ìwé lóròó, kí apá òsì bo apá ọ̀tún. Bí tàdáwà bá tiẹ̀ ràn, ojú àwòrán ayùn kan náà ló máa ràn mọ́."

Lẹ́yìn náà ló na ìwé sí Mẹkáníìkì. "Ó kàn yín."

Káfíńtà fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. "Ṣé orí ẹ pé? Ẹni tí kò ní dìbò fún ọ lo fẹ́ kọ́?"

"Bùọ̀dá, mi ò borí rí nílé ẹjọ́ nítorí pé ẹlẹ́rìí ẹnì kejì ya odi. Bí wọn ò bá fẹ́ mi, kí ìbò wọn sọ ọ́ ketekete. Bí wọ́n bá fẹ́ mi, kí tàdáwà má pa wọ́n lẹ́nu mọ́."

Mẹkáníìkì kò tún ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípánà, ó dúró kó gbẹ, ó sì ká ìwé rẹ̀ lóròó.

Láti ọjọ́ náà, àpótí yìí lọ káàkiri. Wọ́n gbé e dé ilé ìgẹrun, wọ́n gbé e dé ibùdókọ̀. Kò síbi tí Lọ́yà ti sọ ẹni tí wọn ó dìbò fún.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò, ìbò òfo ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò wọn. Lọ́yà wọlé.

Mẹkáníìkì sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, mi ò dìbò fún àbúrò yín o. Àmọ́ wọ́n ka tèmi."

"Mo mọ̀," ni Káfíńtà wí, ó sì fún un ní àga.

Lọ́yà jókòó ní ìgbìmọ̀, ó sì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Òfin tuntun jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó ṣọ́ọ̀bù kankan láìkìlọ̀ fún ẹni tó ni ín, àti láìgbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìbò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn elétò ìdìbò bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ka àti bí wọ́n ṣe ń ká ìwé ládùúgbò yín. Ẹ má tẹ ibi méjì. Ẹ má fi ìwé ìdìbò nu ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí tàdáwà gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a. Bí aládùúgbò yín ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kọ́ ọ, ẹgbẹ́ yòówù kó máa ṣe. Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà. Òdìkejì rẹ̀ ni ti Mẹkáníìkì, katakata ò dé ibẹ̀ náà.