Ìlú Kékeré Kò Gba Irọ́

Òun ni ẹni kẹrin lórí ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n mú, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Péńpé, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nítorí pé kò ga, ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sílé.

Bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa tún ìwé ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti ya rán.

"Ṣé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, Bàámi. N ò rí orúkọ mi."

Ọwọ́ bàbá dúró. "Ó dáa," ló sọ, ó sì tún gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé Péńpé kórìíra ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n mú un fún. Ìlú náà ló sú u. Títì ọlọ́dà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ìsinmi, ewúrẹ́ á sùn sáàárín rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti lọ sí ìlú ńlá máa ń kọ̀wé sí i lórí fóònù: "Tètè máa bọ̀ o, kí o tó di ọ̀kan lára àwọn igi ibẹ̀." Àǹtí rẹ̀ náà ní yàrá kan fún un lọ́hùn-ún. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò bá gbà á, bàbá á jẹ́ kó lọ. Ìdí irọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn, irọ́ kì í ráyè jókòó níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá oníbúrẹ́dì dé pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná. "Má sunkún, ọmọ mi. Ọdún ń bọ̀." Tíṣà ìṣirò, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, tẹ̀lé e. "Ọmọ tí mo kọ́ fúnra mi? Àṣìṣe ni." Ìtùnú náà ń dun Péńpé ju èébú lọ. Lọ́jọ́ karùn-ún, tíṣà fa bàbá lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì. Péńpé la ẹnu láti sọ òótọ́, ó tún pa á dé.

Wọ́n ní irọ́ lè rìn fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Péńpé kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Bàbá kò pariwo nígbà tó dé. "Akọ̀wé fi orúkọ rẹ hàn wá. Ó ní o ò wá fọwọ́ síwèé, àná ni gbèdéke rẹ̀ pé. Wọ́n ti fún ẹlòmíràn." Ó nu awò ojú rẹ̀. "Tíṣà wò mí, mo wo ilẹ̀."

Péńpé kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàámi. Ọ̀dọ̀ Àǹtí ni mo fẹ́ lọ."

"O ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé èèyàn ni mo máa ń jẹ?"

Péńpé lọ bẹ akọ̀wé. Obìnrin náà mi orí. "Bí mo bá gbà á padà fún ọ, kí ni n ó sọ fún ọmọ tó ti ń di ẹrù rẹ̀? Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá oníbúrẹ́dì pàdé rẹ̀ lọ́nà. "Ọlọ́fọ̀ tí òkú rẹ̀ ń rìn, ṣé búrẹ́dì mi dùn?" Ojú ti Péńpé, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa á.

Odindi ọdún kan ló fi bá bàbá rẹ̀ rán ìwé. Bó ṣe ń rán ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ló ń kà á. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ta kókó, kò ní wá ẹni tó máa tú u jìnnà: olùkọ́ nọ́ọ̀sì tó ń ra tòmátò lẹ́bàá títì á dúró, á fi bírò ya ọkàn èèyàn sẹ́yìn páálí. Lọ́jọ́ tí bàbá ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, Péńpé kò tíì kígbe lẹ́ẹ̀mejì tí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta fi gbé e nílẹ̀, tí tíṣà sì ti wa ọkọ̀ dé láti gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ọjọ́ náà ló yé Péńpé pé ojú tó ń ṣọ́ òun náà ló ń ṣọ́ bàbá òun.

Nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tún mú un, Àǹtí pè é lórí fóònù pé yàrá náà ṣì wà. Bàbá, tí ara rẹ̀ ti yá, ní, "Lọ́tẹ̀ yìí, fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o fẹ́."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," ni Péńpé wí. "N ó máa wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ yín. Ibí ni mo fẹ́ ti kàwé." Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti fọwọ́ síwèé.

Kò sí ẹ̀bi nínú kí ọ̀dọ́ fẹ́ ìlú ńlá. Ohun tó burú ni kó fi irọ́ ṣe ọkọ̀ débẹ̀. Òótọ́ tí Péńpé kò sọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ná an ní ọdún kan gbáko, àwọn ará ìlú tí Péńpé rò pé ó kéré jù fún òun ni wọ́n sì dì í mú tí ọdún náà fi pé.