Abọ́ Méjìlá Tó Ń Dún Lásìkò Alásàrí

Ó di ọjọ́ karùn-ún tí àwọn abọ́ náà ti jáde nínú iléru, wọn ò sì tíì dákẹ́.

Malikah mọ̀ pé abọ́ olójú sísán máa ń dún. Iṣẹ́ tó lọ kọ́ ní Òṣogbo nìyẹn. Ọ̀dà dídán tí wọ́n fi kùn ún máa ń sán wẹ́wẹ́ bó bá ti ń tutù, á máa dún tín-ín, tín-ín, fún wákàtí kan tàbí méjì, á sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n méjìlá yìí, tó yọ́ gíláàsì sí ìsàlẹ̀ wọn títí tó fi dà bí omi aláwọ̀ ewé tó dúró jẹ́ẹ́, kì í dún láàárọ̀. Ìgbà tí ládàánì bá pe ìrun Alásàrí tán ní Ìlọ́bù ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn a sinmi, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn a sinmi. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí.

Kì í ṣe abọ́ títà. Ọmọ ìyá kan náà ló pín sí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, àtìgbà tí wàhálà ilẹ̀ sì ti sọ ilé àwọn kan di eérú, wọn ò jọ jẹun mọ́. Màmá Ìfọ́n, ìyẹn Àìṣà, àbúrò ìyá Malikah, tí ilé tirẹ̀ jóná, ló kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé òun ti gbà: kí gbogbo wọn pàdé lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, kí wọ́n jọ mumi, kí ọ̀rọ̀ náà tán. Malikah ní òun ni yóò mọ abọ́ tí wọ́n máa fi mu ún. Bí omi yẹn ò bá ṣeé mu, ó mọ̀ pé ẹbí ò ní jókòó pọ̀ mọ́. Màmá Ìfọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó mú tàdáwà, yíǹkì dúdú tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ wàláà nígbà ayé rẹ̀, ó fi ra ojú abọ́ kí sísán rẹ̀ lè hàn. Ó fi àkísà nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ojú sísán tó dára a máa rí bí àwọ̀n, kò lórí, kò nídìí. Ti abọ́ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan ṣoṣo, lápá òsì, ó sì tàn ká bí ìgbà tí òkúta bá ba gíláàsì. Ó nu èkejì. Ojú kan náà ni. Ó nu méjèèjìlá.

Ó ránṣẹ́ pe Jàlálù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó gbé àpò àfọ́kù gíláàsì náà wá fún un.

“Bọ̀dá mi, níbo lẹ ti rí gíláàsì yìí?”

“Ṣebí mo ti sọ fún ẹ. Iléèwé tí wọ́n ń tún ṣe ní Ẹ̀rìn.” Ó rẹ́rìn-ín. “Àbí àfọ́kù náà ti ń gba ìwé ẹ̀rí báyìí?”

“Ẹ fi abọ́ yìí mumi kí n wò ó.”

“Mo gbààwẹ̀.” Gúgúrú sì wà lẹ́nu rẹ̀.

Malikah gbé abọ́ náà padà sílẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyẹn, a ò ní bò ó. Obìnrin tí kì í wa amọ̀ lórí ilẹ̀ ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ kúnlẹ̀ tọrọ lọ́wọ́ onílẹ̀ kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì ẹni tó ni gíláàsì, torí pé inú àpò ló ti jáde. Bẹ́ẹ̀ layé ti dà. Ohunkóhun tó bá ti wọnú àpò, a ó ní kò ní olóhun.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Màmá Ìfọ́n dé, ó ń fọ̀pá tilẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ń ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ṣe ti Uwais, ọmọ ọmọ rẹ̀, mọ́ ọn, níbikíbi tó bá wà ní Ìbàdàn. Kó tó lọ, ilé búrẹ́dì kan ní Ìfọ́n ni Uwais ti ń ṣiṣẹ́ òru, yàrá ẹ̀yìn nílé Màmá ló sì ti máa ń sùn lọ́sàn-án. Ọjọ́ tí ilé jó gan-an ló ní òun ń lọ sí Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹbí ní ọmọ náà ti gbàgbé ilé.

“Jàlálù, o mà ti sanra,” Màmá wí. “Ṣé ìyàwó ló ń bọ́ ẹ, àbí ìwọ lò ń bọ́ra ẹ?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n bumi sínú abọ́ méjèèjìlá, ọ̀kan níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ládàánì pe Alásàrí.

Tín-ín, tín-ín, tín-ín.

Omi ń gbọ̀n nínú abọ́. Màmá Ìfọ́n tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Malikah, ṣé ó ku gíláàsì yìí tí o ò tíì yọ́?”

Malikah mú àfọ́kù kan wá. Òdòdó wẹ́wẹ́ wà lójú rẹ̀. Màmá fi àtàǹpàkò pa òdòdó náà lára.

“Ọkọ mi ló rà á. Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Ìfọ́n. Fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ni.” Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. “Ẹ fi fèrèsé ilé mi ṣe abọ́, ẹ wá ní kí n fi mu omi ìrẹ́pọ̀.”

Ojú gbogbo wọn yí sí Jàlálù. “Màmá, ilé tó ti jó, tí òrùlé ti wó. Àfọ́kù lásán ni mo ṣà níta.”

Malikah yí abọ́ tirẹ̀ kí wọ́n lè rí ilà tàdáwà náà. “Bọ̀dá mi, òkúta ló ba fèrèsé yìí. Méjèèjìlá ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

“Èmi nìkan kọ́ ló lọ lọ́jọ́ yẹn. Òkúta kan péré ni mo jù. Ó sán ni, kò fọ́. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà nínú ilé.”

Kò sẹ́ni tó ti bi í bóyá ẹnì kan wà nínú ilé.

“Irin tí a fi ń dènà olè wà lójú fèrèsé yẹn, kò ṣeé gbà jáde,” Màmá wí wúyẹ́wúyẹ́.

Tín-ín, tín-ín, tín-ín.

Ìgbà yìí ni Malikah tó mọ ohun tó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ mélòó kan yìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ìka kan fèrèsé rí mọ̀ ọ́n. “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti gbọ́ ìró yìí rí?”

Jàlálù fọwọ́ bo etí. “Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe Alásàrí tán ni. Mo rò pé iná ló ń sán gíláàsì.”

Màmá Ìfọ́n da omi rẹ̀ sílẹ̀. Ó ká ìka rẹ̀ kò, ó kan ara abọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, bí ẹni tó ń dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

“Uwais, mo ti gbọ́,” ó wí. Ó dìde. “Ẹ wá ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Ìfọ́n là ń lọ. Jàlálù, ìwọ ni wàá ṣíwájú, o mọ ojú ibẹ̀.”

Abọ́ mọ́kànlá ti dákẹ́. Èyí tó wà níwájú Jàlálù ò dákẹ́.