Aṣọ Nọ́ọ̀sì Nínú Ìkòkò Aró

"Péjú, ibo ni aṣọ iṣẹ́ mi wà?"

Màmá ti wá aṣọ náà kárí ilé. Mo ń ṣe bí ẹni tó ń bá wọn wá a. Èmi ni mo rì í sínú ìkòkò aró Ìyá Asiata, ìyá bàbá mi, lẹ́yìnkùlé wa ní Ìgbẹ́ìn. Mo rò pé tí aṣọ funfun náà bá ti di aláró, Màmá kò ní lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

Ojú ló ń tì mí. Ọdún 1983 ni, Màmá sì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kékeré Dókítà Ọláògún ní Òkè-Ìlewó. Lọ́dún tó ṣáájú, dókítà ṣẹ́ oyún obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ pa, kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́. Òfin gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n àdúgbò kò gbà. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń pe ibẹ̀ ní "ilé aṣẹ́yún", tí wọ́n ń sọ òkò lu fèrèsé. Nọ́ọ̀sì méjì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ku Màmá nìkan. Ọ̀gá tí ìjọba ń rán wá yẹ ibẹ̀ wò pàápàá kò wá mọ́. Ó ní kí ará ìjọ òun má rí ọkọ̀ òun lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ní ilé ìwé, àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí di "ọmọ aṣẹ́yún".

Nígbà tí Màmá fa aṣọ náà yọ nínú aró, wọ́n yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ní, "mi ò fẹ́ kí ẹ máa lọ síbẹ̀ mọ́ ni."

Wọn kò lù mí. Wọ́n fi omi ṣan aṣọ náà, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní tútù. "Wọ bàtà rẹ. Jẹ́ ká jọ lọ."

A fi wákàtí kan gbáko pẹ́. Dókítà nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, òógùn bò wọ́n. Ta ni mo rí níbẹ̀? Sẹ̀gilọlá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì! Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ rẹ̀ gbingbin.

Mo bú sẹ́kún.

"Di ọwọ́ rẹ̀ mú, Péjú," ni Màmá wí, bí wọ́n ti ń fa omi sí i lára. "Máa bá a sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kó sùn."

"Sẹ̀gi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo lọ ṣẹ́ oyún lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oògùn, ní yàrá rẹ̀," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, mo wá síbí lánàá. Mo rí àwọn tó ń sọ òkò, mo bá padà."

Sẹ̀gi yè. Ọjọ́ kẹta ló tó lè jókòó. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé wákàtí tí àwọn kò fi rí nọ́ọ̀sì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, mo sì kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Màmá tèmi kò tilẹ̀ rántí ọwọ́ òsì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èèyàn lè kórìíra iṣẹ́ kan tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi èébú lé nọ́ọ̀sì lọ, tí ojú sì ń ti ẹni tó yẹ kó wá ṣàyẹ̀wò, ọmọbìnrin tí ìdààmú bá kò ní torí ìyẹn jókòó sílé. Yóò lọ síbi tí kò sí nọ́ọ̀sì, tí òfin kò sì dé. Mo mọ̀, nítorí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi tutù nínú ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà, èmi náà sì wà lára ohun tó mú un tutù.