Téèpù Tó Ti Fà

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ kan jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Bó bá ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọmọ inú rẹ̀ a máa tàpá, bí ẹni tó ń dáhùn. Ọkọ rẹ̀ wo ikùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá ọmọ, èyí á jáde tòun ti irùngbọ̀n o.”

“Kó ṣáà jáde ná. Màá rán ṣòkòtò tó bá a mu.”

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì fún àyẹ̀wò oyún, nọ́ọ̀sì fi téèpù wọn ikùn rẹ̀, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ìyá wa, ikùn yín tóbi ju oṣù rẹ̀ lọ. Ṣúgà sì wà nínú ìtọ̀ yín. Ẹ má jẹun lọ́la kí ẹ tó wá. A ó fún yín ní omi ṣúgà mu, a ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò.”

“Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ téèpù yín ló níṣòro. Iṣẹ́ mi nìyí.”

“Téèpù kọ́ ló ń fi ṣúgà sínú ìtọ̀.”

Nígbà tó délé, ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, èyí tó ti ń lò láti ìgbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó fi wọn ara rẹ̀. Iye tó rí kéré sí ti nọ́ọ̀sì, ó sì bá oṣù rẹ̀ mu. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Aṣọ ìyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè. Kò padà lọ fún àyẹ̀wò náà.

Nígbà tí oyún ku díẹ̀ kó gbó, ó tẹ máṣíìnì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

“Ó ń sùn ni,” ló wí. Ó sinmi di ọjọ́ kejì.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀rọ lé ikùn rẹ̀, ó wá ìró ọkàn ọmọ títí. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn tí wọ́n gbẹ̀bí òkú ọmọ náà, ọkọ béèrè pé, “Ọmọ tó sanra báyẹn, kí ló pa á?”

Nọ́ọ̀sì fa àga súnmọ́ wọn. “Inú ibi ọmọ, èyí tó máa ń tẹ̀lé ọmọ jáde, ni oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ bí ọlọ́dẹ, tó ń lé àrùn. Bí ṣúgà bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, wọ́n lè máa jà bí ẹni pé ọ̀tá ti wọlé. Ibi ọmọ á wú, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa mọ́. Ọmọ lè sanra, kí afẹ́fẹ́ má tó o.”

“Ó dá yín lójú pé òun ni?”

“N kò lè búra. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ náà ti wú, ṣúgà ìyá sì ga.”

Aránṣọ béèrè pé, “Ṣé nǹkan tí mo jẹ ni?”

“Oyún fúnra rẹ̀ lè fà á, ìyá wa. Bí a bá tètè mọ̀, oúnjẹ tó yẹ, ìrìn tàbí abẹ́rẹ́ sábà máa ń kápá rẹ̀.”

Nígbà tó padà sílé, ó ra téèpù tuntun, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ti àtijọ́ fi ìka méjì gùn jù. Gbogbo ọdún tó fi ń fà á yí àyà àwọn oníbàárà ká ni téèpù náà ti ń fà, ohun tó bá sì wọ̀n, kíkéré ló ń pè é.

Bí aboyún bá wá rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, kí ó tó wọ̀n ọ́n, yóò kọ́kọ́ béèrè pé, “Ǹjẹ́ wọ́n ti yẹ ṣúgà yín wò?” Lẹ́yìn náà yóò tẹ máṣíìnì. Bó bá dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ a ṣì máa retí ìdáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà náà, bí ara tilẹ̀ le; ẹ̀yin ọkọ wọn, ẹ bá wọn lọ. Bí wọ́n bá rí i pé ṣúgà yín ga, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ìbímọ. Bí ọmọ kò bá sì tàpá bó ti máa ń ṣe, ẹ dìde lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ní ó ń sùn.