Ó Ti Rẹ Àwọn Tó Wà Nínú Àwo

Kò sí àbùmọ́ nínú èyí. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́sàn-án, kó fetí sílẹ̀. Etí ara rẹ̀ ni yóò fi gbọ́.

Aṣọ ni obìnrin náà ń lọ̀ nílé ìfọṣọ ńlá kan. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn ni, òkìtì lórí òkìtì. Orí ìdúró ló ń wà láti àárọ̀. Kó tó délé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń bá nílé. Afunfèrè ni bàbá yìí nígbà tó ṣì lágbára, nínú ẹgbẹ́ eléré kan tó ti túká. Àwọn yòókù ti kú tán. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù, ogbó sì ti gba iyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ló máa ń bi ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Àfi tí àwo orin ẹgbẹ́ wọn bá ń kọ. Àwo kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe, jáàsì àtijọ́, irú èyí tó ń gbé ni dìde jó: dùùrù, ìlù, gìtá ńlá tó ga ju ènìyàn lọ, àti fèrè bàbá fúnra rẹ̀. Orin náà ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra ṣúgà. Kò ní pẹ́ tí ojú bàbá á fi mọ́.

"Ìyá mi, o ti dé? Wá jókòó tì mí."

Ìyá mi ló ti ń pè é láti kékeré. Ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ìsinmi tó ní láyé.

Ìfẹ́ ló mú un ṣe àṣìṣe. Giramafóònù wọn lè gbé abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á tàn án sílẹ̀, kí bàbá má baà sọnù sínú ara rẹ̀. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, oṣù gorí oṣù, ẹgbẹ́ náà ń lù ú nínú àwo. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Àwo ṣáà ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ó ṣàkíyèsí pé orin náà ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Ètè bàbá sì ti bó, bí ètè ẹni tó fun fèrè mọ́jú.

Ó gbé ẹ̀rọ àti àwo lọ bá ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà fi àwo mìíràn sí i. Ó kọ geere. Ó dá tiwọn padà, ó dẹ etí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ̀rọ yín ò ṣe nǹkan kan. Ìyára orin yìí ló ń dín kù, ṣùgbọ́n kíì rẹ̀ ò yẹ̀."

"Mi ò mọ kíì o."

"Ibi tí ohùn orin dúró lé ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń falẹ̀, ohùn gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Èyí ò wálẹ̀ rárá."

"Kí ló wá ń ṣe é?"

Ó rọra ti àwo bọ inú páálí rẹ̀. "Ẹ máa gbé e lọ. Ó jọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún ò dénú. Òun alára mọ ìṣe ọwọ́ tó ti rẹ̀. Kì í dúró. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó dé ibi tó ń lọ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dùùrù náà ń ṣe.

Ó pa àwo náà tì. Ilé dákẹ́. Bàbá kọ oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá mi pe ọmọ mi wá."

Ó sunkún nílé ìdáná. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó tún gbé àwo náà lé ẹ̀rọ.

Orin náà ń rá pálá. Ìlù dákẹ́. Gìtá ńlá dákẹ́. Dùùrù fi ọwọ́ kan rìn síwájú díẹ̀, òun náà dákẹ́. Fèrè bàbá rẹ̀ ló kù. Ó gbọ̀n, ó dá.

Àwo ṣì ń yí. Obìnrin náà gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga nílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́:

"Bá wa bi ọmọ yẹn."

Bàbá gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere.

"Ìyá mi, wọ́n ní ṣé kí àwọn máa lọ sílé?"

Ó mọ ìdáhùn tó tọ́. Ta ló ń ṣiṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n? Ó wo ojú tó dá a mọ̀ yìí. Tí wọ́n bá lọ, ta ni yóò tún pè é bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù tó bà á ju àánú wọn tó ṣe é lọ.

"Ẹ ní kí wọ́n má bínú," ó ní. "Ẹ ní kí wọ́n tún un lù."

Ẹnì kan mí kanlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Ẹsẹ̀ kan ń lu ilẹ̀ láti fi ka ìwọ̀n orin, ó ka, ó ka. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìyára orin náà padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Kíì rẹ̀ kò yẹ̀. Ayọ̀ nìkan ni kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó ń wò ó bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wo ọ̀gá tí kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Kò sọ fún un pé kó wá jókòó.